George Shearing, Afọ́jú Atẹdùùrù

Ní apá gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Battersea. Níbẹ̀ ni a gbé bí George Shearing ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1919. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kí ó máa gbé èédú kiri ilé àwọn ènìyàn. Ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ́jú ilé, a sì tún máa lọ fọ ọkọ̀ ojú irin ní òru. Bí a ti bí ọmọ yìí ni kò ríran. Ẹni tí ó bá mọ bí ayé ti le fún tálákà nígbà náà lè rò pé kò sí ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dà ju ẹni tí a ó máa bọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ sí Linden Lodge, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Afọ́jú a máa fi ìka ka orin gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fi ka ìwé, nípa àwọn àmì kéékèèké tí a tẹ̀ kí ó yọ sókè lára páálí. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí olójú kì í rò: ọwọ́ tí ó ń ka orin kò lè tẹ dùùrù ní àkókò kan náà. Nítorí náà, kí afọ́jú tó lè tẹ orin kan, ó ní láti kọ́kọ́ há a sórí ná, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi pé.

Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, a fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ilé ọtí kan ní Lambeth ni ó lọ, tí ó ń tẹ dùùrù fún àwọn amutí ní ṣílè 25 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó lókèèrè yóò ní ìwà àìgbọ́n ni. Ẹni tí ó bá rántí ìyá tí ń fọ ọkọ̀ lóru kò ní tètè dá a lẹ́bi. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ eléré kan tí afọ́jú ni gbogbo wọn, Claude Bampton sì ni olórí wọn. Àárín àwọn wọ̀nyí ni ó ti gbọ́ àwo orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, bí Teddy Wilson àti Fats Waller, orin jáàsì sì gba ọkàn rẹ̀. Ní 1937 òun náà gba orin sínú àwo. Nígbà ogun àgbáyé kejì, òun àti Stéphane Grappelli, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó mọ gòjé ta, jọ ń ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọdún léra wọn ni àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn Melody Maker sì dìbò pé òun ni ọ̀gá nínú àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ wọn.

Ní 1947 ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a fi ń yìn ín ni pé ó lè tẹ dùùrù bí àwọn ọ̀gá Amẹ́ríkà. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, àwọn ọ̀gá náà fúnra wọn wà níbẹ̀. Ta ni yóò sanwó gbọ́ gbohùngbohùn nígbà tí olóhùn ń bẹ nítòsí? Ó padà di ẹni tí ń tẹ dùùrù nígbà tí àwọn olókìkí bá ń sinmi.

Ọ̀nà àbáyọ dé ní 1949, nígbà tí ó kó eléré mẹ́rin jọ mọ́ ara rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe. Bí a ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń gbé ohùn orin jáde lórí dùùrù, ti òsì a sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Shearing dà á rú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé ohùn orin sókè, ó sì to àwọn ohùn mìíràn sábẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ọwọ́ òsì tún ohùn orin kan náà sọ nísàlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì ń rìn pọ̀ bí ẹni tí a so mọ́ ara wọn. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí Milt Buckner ti ń ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni pé Margie Hyams fi ọ̀pá lu ohùn òkè lára àwọn irin pẹlẹbẹ, Chuck Wayne sì fi gìtá ta ohùn ìsàlẹ̀. Dídùn rẹ̀ tutù, kò pariwo. Àwo wọn, September in the Rain, tà tó 900,000.

Àwọn méjì tí ó kù, John Levy àti Denzil Best, jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, níbi tí òfin pín aláwọ̀ dúdú àti funfun níyà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àgbájọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Levy ni ó wá di alábòójútó gbogbo iṣẹ́ Shearing.

Ní 1952 ó kọ orin kan fún Birdland, ilé eré jáàsì ní Niu Yọ́ọ̀kì. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ó fi kọ ọ́. Ilé náà ti kógbá sílé ní 1965, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a rí atẹdùùrù jáàsì tí kò mọ Lullaby of Birdland.

Kò dúró sójú kan. Ní àwọn ọdún 1950 ó mú Armando Peraza wọ ẹgbẹ́ rẹ̀, onílù tí ó ti Havana wá, ní Kúbà níbi tí ìlù bàtá àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú kò tíì parẹ́. Kì í ṣe bàtá ni ó ń lù fún Shearing bí kò ṣe kóńgà, ìlù gígùn tí à ń fi ọwọ́ lásán lù. Ó tẹ dùùrù fún Peggy Lee, Nat King Cole àti Nancy Wilson. Ó bá ẹgbẹ́ eléré ńlá ṣe orin Mozart. Ní 1978 ó tú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún rẹ̀ ká, ó sì ń bá akọrin Mel Tormé rìn kiri.

Ní 2007 Ọbabìnrin Elizabeth fi í jẹ oyè Sir. Ó kú ní Niu Yọ́ọ̀kì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2011, nígbà tí ó di ẹni ọdún 91.