Ìdógò tí Wọn Kò Rà Padà: Òmìnira Skọ́tílándì àti Ìhà tí Àwọn Ará Orkney àti Shetland Kọ sí i

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n bi àwọn ará Skọ́tílándì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ó yẹ kí ilẹ̀ wọn di orílẹ̀-èdè olómìnira? Ìdá 55.3 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni ó sọ pé rárá, ìdá 44.7 sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Agbègbè méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ka ìbò náà. Èyí tí ó kọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn agbègbè tí ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà, bí kò ṣe Orkney, ọ̀wọ́ erékùṣù tí ó wà lókè téńté ní ìhà àríwá. Níbẹ̀, ìdá 67.2 ni ó sọ pé rárá. Ní Shetland, tí ó tún jìnnà jù ú lọ, ìdá 63.7 ni.

Àwọn ènìyàn náà kò pọ̀. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2022, bí 22,000 ni wọ́n ní Orkney, bí 23,000 sì ni ní Shetland. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ wọn gba àròjinlẹ̀ ni pé ohun tí Edinburgh ń bá Lọ́ńdọ̀n sọ gan-an ni àwọn náà ń bá Edinburgh sọ. Bí ó bá tọ́ kí àwọn ènìyàn kan wí pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ti ọ̀nà jíjìn ṣe àkóso àwọn mọ́, ibo ni ẹ̀tọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni ó sì mọ? Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn ni pé ẹ̀jẹ̀ Nọ́wè ni ó wà lára àwọn ará erékùṣù wọ̀nyí, àti pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fẹ́ bá Skọ́tílándì lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú àlàyé yìí, ṣùgbọ́n kò kún ojú òṣùwọ̀n.

Ìdógò Ọba Christian

Ní ọdún 1468, Christian Kìíní, tí ó jẹ́ ọba Dẹ́ńmáàkì àti Nọ́wè pọ̀, fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀, Margaret, fún James Kẹta, ọba Skọ́tílándì. Ó yẹ kí ònkàwé Yorùbá kíyè sí i pé láàrin àwọn ọba Yúróòpù nígbà náà, ìdílé ìyàwó ni ó ń san owó fún ìdílé ọkọ, kì í ṣe ìdílé ọkọ ni ó ń san ìdána. Owó wúrà tí wọ́n ń pè ní flórìnì ni wọ́n fi ṣe àdéhùn, 60,000 ni iye rẹ̀. Christian kò ní in lọ́wọ́. Ó fi Orkney dógò fún 50,000, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò ka 10,000 yòókù sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1469, 2,000 péré ni ó rí san. Ó bá fi Shetland náà dógò fún 8,000 tí ó kù.

Ẹni tí ó mọ ètò ìwọ̀fà láyé àtijọ́ yóò tètè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ìwọ̀fà ń sin olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé orí owó, ṣùgbọ́n kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹrú; ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ni ó ń padà sí ilé bàbá rẹ̀, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Bí Christian àti àwọn tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ti lóye ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. James kò lóye rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1472, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tílándì so àwọn erékùṣù náà mọ́ adé ọba wọn. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn ọba Dẹ́ńmáàkì fi wí lẹ́yìn náà pé àwọn ṣe tán láti ra ìdógò àwọn padà, ṣùgbọ́n wọn kò rí i gbà. Nínú gbogbo ìdúnàádúrà yìí, kò sí ẹni tí ó bi àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ náà ní ohunkóhun.

Àwọn olóyè tí adé Skọ́tílándì fi ṣe olórí wọn kò sì mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Robert Stewart, ọmọ tí James Karùn-ún bí fún obìnrin tí kì í ṣe aya rẹ̀, àti Patrick ọmọ Robert, di ẹni tí àwọn ará erékùṣù náà ń dárúkọ pẹ̀lú ìkorò títí di òní, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ àti iṣẹ́ tipátipá tí wọ́n fi àwọn ènìyàn ṣe. Edinburgh náà ni wọ́n ti pa Patrick ní ọdún 1615.

Lára ohun tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà Nọ́wè ni òfin ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní udal. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni ín, kò sí olúwa kankan lókè rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró níbi tí omi òkun kún dé, ó ń tẹ̀ lé omi títí dé ibi tí ó fà sẹ́yìn sí jù lọ. Òfin yìí kò tíì kú tán, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti fi ààlà sí i. Ní ọdún 1958, àwọn tí ń wa ilẹ̀ fún ìmọ̀ ìtàn rí ohun èlò fàdákà méjìdínlọ́gbọ̀n ní erékùṣù St Ninian ní Shetland. Ìjọba ní ọba ni ó ni ohun ìṣúra tí wọ́n bá hú nínú ilẹ̀. Àwọn tí ó bá ìjọba ṣẹjọ́ dáhùn pé òfin udal kò gba bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1963, ilé ẹjọ́ ní Edinburgh dá ìjọba láre. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Edinburgh ni fàdákà náà wà dòní. Àwòṣe rẹ̀ ni ó wà ní Shetland. Ènìyàn lè sọ pé fàdákà kò ju fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ Edinburgh kì í fi í dùn létí gbogbo ará Shetland kò gbọdọ̀ fo ẹjọ́ yìí.

Síbẹ̀, Nọ́wè kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wò bí ilé mọ́. Èdè Norn tí àwọn baba ńlá wọn ń sọ ti kú. Ẹ̀ka èdè Skọ́tì ni wọ́n ń sọ, àwọn ọ̀rọ̀ Norn kan sì kù nínú rẹ̀. Àsíá Shetland, tí wọ́n yà ní ọdún 1969 láti fi rántí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ìdógò náà, ni ó sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ dáadáa jù: àgbélébùú irú ti Nọ́wè ni ó wà lára rẹ̀, àwọ̀ búlúù àti funfun ti Skọ́tílándì ni wọ́n sì fi kùn ún.

Ohun tí ìbò fi hàn

Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ Lọ́ńdọ̀n ni ó ń darí àwọn ènìyàn yìí, ìbò ọdún 1975 kì bá tí rí bí ó ti rí. Nígbà náà, wọ́n bi gbogbo Bìrìtéènì bóyá kí wọ́n dúró nínú ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé Yúróòpù. Agbègbè méjì péré ni ó kọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà: Shetland àti àwọn Erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹja ni ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà ju ohunkóhun lọ. Ẹ̀rù bà wọ́n pé omi wọn yóò di ti gbogbo ayé.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, wọ́n bi Skọ́tílándì bóyá ó fẹ́ ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ní Edinburgh. Ìdá 51.6 nínú àwọn tí ó dìbò gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pé iye tí òfin béèrè. Ní Orkney àti Shetland, àwọn tí ó gbà kò tó ìdá mẹ́ta ìbò. Jo Grimond, tí ó ń ṣojú wọn ní Lọ́ńdọ̀n láti ọdún 1950, ti rí i tẹ́lẹ̀. Òun ni ó mú kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ọdún 1978 pé bí àwọn erékùṣù náà bá kọ̀, kí ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí yóò gbé ipò wọn yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, tí wọ́n tún béèrè, àwọn méjèèjì gbà pé kí ilé ìgbìmọ̀ náà wà. Orkney kàn kọ̀ pé kí ó ní agbára láti yí owó-orí padà ni. Ẹni tí kò fẹ́ Edinburgh rárá kò ní dìbò báyìí. Ọ̀rọ̀ wọn jọ ti ẹni tí ó gbà kí àbúrò bàbá òun bá òun tọ́jú oko, ṣùgbọ́n tí kò gbà kí ó di àpò owó mú.

Epo rọ̀bì ni ó sì kọ́ wọn ní ọgbọ́n yìí. Nígbà tí wọ́n rí epo nínú Òkun Àríwá, àwọn ajìjàgbara òmìnira ń pariwo káàkiri pé ti Skọ́tílándì ni. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Shetland kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹni tí ó ni ín. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀n, ó sì gba òfin tirẹ̀ ní ọdún 1974. Òfin yìí fún un ní àṣẹ lórí èbúté Sullom Voe, níbi tí epo náà yóò gúnlẹ̀ sí, ó sì jẹ́ kí ó lè máa ní ìpín nínú owó tí ń wọlé, kí ó sì fi pamọ́ fún ire ìlú. Láti ọdún 1978 ni epo ti ń dé ibẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, gbọ̀ngàn eré ìdárayá àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí àlejò máa ń yà lẹ́nu láti rí ní irú ibi jíjìn bẹ́ẹ̀, láti inú owó yìí ni wọ́n ti wá. Ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kan tí ó bá àwọn ilé iṣẹ́ epo ńláńlá dúnàádúrà tí ó sì rí tirẹ̀ gbà kò wọ́pọ̀ láyé. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ elépo wá mọ bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó.

Àwọn Erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí èdè Gaelic ti rinlẹ̀, kò ní ìtàn ìdógò kankan. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yan ọmọ ẹgbẹ́ òmìnira nínú ìdìbò gbogbogbòò, ní ọdún 1970, wọ́n sì gba ilé ìgbìmọ̀ Edinburgh ní ọdún 1979. Síbẹ̀, ní ọdún 2014, ìdá 53.4 nínú ìbò wọn sọ pé rárá sí òmìnira. Níbi yìí ni àlàyé ẹ̀jẹ̀ Nọ́wè ti rọ.

Agbára tí ó wà lọ́wọ́ wọn ní ààlà. Àwọn kan ń wí pé bí Skọ́tílándì bá lọ, kí àwọn erékùṣù dúró ti Lọ́ńdọ̀n, kí epo sì bá wọn dúró. Òfin òkun kò fi dandan gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1977, nígbà tí ilẹ̀ Faransé àti Bìrìtéènì gbé ọ̀rọ̀ àwọn Erékùṣù Channel lọ síwájú àwọn onílàjà, máìlì òkun méjìlá péré ni wọ́n fún àwọn erékùṣù náà yípo. Kànga epo Brent kọjá ọgọ́rùn-ún máìlì sí Shetland. Èbúté ni wọn ì bá rí mú dání, kì í ṣe kànga.

Bóyá ìdí nìyí tí wọn kò fi yan ọ̀kan nínú àwọn olówó méjèèjì pátápátá. Ní ọdún 2013, bí ìbò ti ń súnmọ́lé, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pawọ́ pọ̀, wọ́n sì tọ Lọ́ńdọ̀n àti Edinburgh lọ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fẹ́. Alex Salmond, olórí ìjọba Skọ́tílándì nígbà náà, lọ bá wọn ní Lerwick ní oṣù keje ọdún náà, ó sì kéde níbẹ̀ pé agbára wọn yóò pọ̀ sí i. Òfin àwọn erékùṣù jáde ní ọdún 2018. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìgbìmọ̀ Shetland fi ìbò 18 sí 2 pinnu láti wádìí bí wọn yóò ṣe máa darí owó àti ìṣèlú ara wọn. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìgbìmọ̀ Orkney fi ìbò 15 sí 6 pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ onírúurú ètò ìjọba mìíràn wò, títí kan irú ti àwọn Erékùṣù Faroe tí ó wà lábẹ́ Dẹ́ńmáàkì. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ káàkiri pé Orkney fẹ́ padà sí Nọ́wè. Ẹ̀dùn ọkàn tí olórí ìgbìmọ̀ náà, James Stockan, gbé ka iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: owó tí Edinburgh ń fún Orkney kò tó ti àwọn erékùṣù yòókù, àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé ènìyàn láti erékùṣù dé erékùṣù sì ti gbó.