Bí a Ṣe Ń Rí Ẹranko ní Igbó Mole

Igbó ìjọba kan wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gánà. Mole ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1971 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ẹranko fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Erin wà níbẹ̀, ẹfọ̀n wà, ìgalà wà, ìmàdò àti ọ̀nì pẹ̀lú.

Àwa ará Benin ní igbó tiwa, Pendjari. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn. Ìkọlù mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè náà lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe ibi tí a ń kó ọmọ lọ.

Ọ̀nà Mole jìn. Ẹni tó ti Kétu tàbí Àjàṣẹ́ lọ yóò la ilẹ̀ Tógò kọjá, owó ọkọ̀ kò sì kéré. Yóò dun ni bí a bá dé ibẹ̀ tí a kò rí ju ewé lọ.

Nítorí náà, ẹ mọ àkókò. Ní ìgbà òjò, omi wà níbi gbogbo, koríko sì ga. Erin lè dúró nítòsí kí ẹ má rí i. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ti gbẹ, ẹranko sì gbọ́dọ̀ wá sí ibi tí omi kù. Adágún omi méjì wà ní ìsàlẹ̀ òkè tí ilé àlejò wà. Níbẹ̀ ni erin ti ń mumi, tí wọ́n sì ń wẹ̀. Ẹ jókòó dè wọ́n.

Afẹ́fẹ́ ni ọdẹ kọ́kọ́ ń wò. Ẹ bu eruku díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹranko, ó ti gbọ́ òórùn yín nìyẹn. Ẹ má fi lọ́fínńdà para.

Ẹ má wá odidi ẹranko. Ẹ wá etí tó ń mì, tàbí ìrù tó ń lé eṣinṣin, tàbí ẹ̀yìn tó nà gbọọrọ láàárín igi tó dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá rí lékeléke, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé màlúù nílé wa ni wọ́n ń tẹ̀lé erin àti ẹfọ̀n, nítorí kòkòrò tí ẹsẹ̀ wọn ń tú jáde nínú koríko.

Ẹ bọ́ àwọn ọmọ yó kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì kọ́ wọn láti nawọ́ dípò kí wọ́n kígbe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú oúnjẹ lọ́wọ́ o! Ọ̀bọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ gùn bí ti ajá. Kò bẹ̀rù ènìyàn, á já a gbà.

A kì í dá rìn nínú igbó náà. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó gbé ìbọn ni yóò ṣíwájú yín. Bí erin bá na etí méjèèjì síta, tó kọjú sí yín, kì í ṣe pé ó ń kí yín. Ẹ má sáré, ẹ má pariwo. Ẹ fi àwọn ọmọ sáàárín, kí ẹ sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ bá ṣe wí.