Àgékúrú Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀n nínú Àlàyé Oúnjẹ Sísè

Yorùbá gbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ọmọlúwàbí, nítorí pé yóò di odindi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè di odindi bí olùgbọ́ kò bá ti ní èyí tí ó kù lọ́wọ́. Ìṣòro tí ó wà nínú àgékúrú ọ̀rọ̀ nìyí, ó sì hàn gbangba nínú àwọn ìwọ̀n tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé oúnjẹ sísè.

Bí wọ́n bá kọ t kékeré, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì ni ó dúró fún, èyí tí í gba mílílítà 5. Bí wọ́n bá kọ T ńlá, ṣíbí ńlá ni, èyí tí í gba mílílítà 15 ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi T pe t yóò da iyọ̀ ìlọ́po mẹ́ta sínú oúnjẹ. Tsp àti tbsp sàn díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé b nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Ọsirélíà ẹ̀wẹ̀, mílílítà 20 ni tbsp: àgékúrú kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀.

Oz tún ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Áúnsì ni ó dúró fún, láti inú ọ̀rọ̀ Ítálì náà, onza. Ti ìwúwo jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 28. Ti ohun olómi, fl oz, jẹ́ nǹkan bí mílílítà 30 ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ omi, àṣìṣe náà kéré. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun fúyẹ́ ju omi lọ: áúnsì 8 ìyẹ̀fun lórí òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí yóò kún ife áúnsì 8.

Ewu méjì ni ó dojú kọ atúmọ̀-èdè. Èkíní ni kí ó da àgékúrú Gẹ̀ẹ́sì kọ láìṣàlàyé. Èkejì ni kí ó ṣẹ̀dá ti Yorùbá tí ó fọ́jú bákan náà: ṣ.k. lè jẹ́ ṣíbí kékeré, ó sì lè jẹ́ ṣíbí kíkún. Kóńgò pàápàá, tí ó mọ́ ará ọjà lára, ń fẹ́ àlàyé fún àlejò.

Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún nígbà àkọ́kọ́, kí a sì fi iye mílílítà tàbí gíráàmù tì í. Kò sì yẹ kí àgékúrú méjì yàtọ̀ nípa ìtóbi lẹ́tà tàbí àmì ohùn nìkan, nítorí pé ìwọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ ń sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé. Ìgbà náà ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yóò tó di odindi lọ́dọ̀ ẹni tí ń sè é.