Tírélà Tó Ń Jẹ Táyà

 

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo gbé wá lónìí. Tí mo bá sọ pé tírélà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro ti àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Kékeré ni èyí: irin gbọọrọ, áásù kan, táyà méjì, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí jíìpù láti fi wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Simawa ló ni ín. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi fáíbà rẹ̀ gba Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó lè pẹja lórí ọ̀sà. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi ń gbé níbi tí kò sí ọ̀sà. Èmi náà ti bi í. Ó ní ilé lòun kọ́kọ́ kọ́, kí òun tó ra ọkọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, tírélà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ táyà. Ẹ̀gbọ́n mi ra méjì. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, etí inú táyà méjèèjì ti fá títí wáyà fi yọjú, bẹ́ẹ̀ ìta wọn ṣì dà bíi tuntun. Fọkanáísà kan ní tókunbọ̀ tó rà ló fà á, kó lọ ra tuntun. Ó ra tuntun. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ibì kan náà tún fá. Ó ní òun á ṣì fi wọ́n lò ó ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn là ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́, èmi níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méje ń sùn lẹ́yìn. A ti fi oríta Ṣágámù sílẹ̀, ó ku díẹ̀ ká dé Simawa, ni táyà òsì bẹ́ gbàù! Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń fa ìdí jíìpù kiri, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn wa tó ń fọn fèrè. Ohun tó yọ wá ni pé ẹ̀gbọ́n mi ò tẹ bíréèkì. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ó di sítíárìn mú ṣinṣin títí a fi rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ jí.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá bàbá fọkanáísà kan lábẹ́ igi ní Simawa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó bá òun wá táyà méjì. Bàbá ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má tíì ra táyà. Ẹ jẹ́ ká bi èyí tó kú léèrè ohun tó pa á."

Ó tẹ́ òkú táyà náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Tí àárín bá fá tí etí méjèèjì ṣì ga, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Tí etí méjèèjì bá fá tí àárín ga, afẹ́fẹ́ kéré, tàbí kí ẹrù ti ju agbára táyà lọ. Tó bá fá lábala lábala bíi pé wọ́n fi ṣíbí bù ú, ẹ wo béárìn, tàbí kí ẹ lọ bálánsì táyà. Tí ẹ bá fọwọ́ pa ojú táyà láti inú síta tó jọ̀lọ̀, tí ẹ wá pa á padà tó ń gé yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn, a jẹ́ pé táyà náà ò kọjú síwájú dáadáa, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ilẹ̀ bó ṣe ń yí.

Tiwa ò sí nínú gbogbo ìyẹn. Etí inú nìkan ló fá, lọ́tùn-ún lósì, ó sì jọ̀lọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Tírélà yín ti ní K-leg." Ó ní orí táyà méjèèjì ti tẹ̀ sínú, ìsàlẹ̀ wọn yà síta, etí inú nìkan ló wá ń gbé gbogbo ẹrù.

Ibí ni fóònù ti wúlò. iPhone ní ohun ìwọ̀n ìtẹ́jú nínú áàpù Measure. Ẹni tó bá ń lo Android lè wa áàpù bubble level. Ẹ gbé tírélà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹrù wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù wọn ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ lè yọ ìyẹ̀ tirẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé igi tó gún lé etí rímù láti òkè délẹ̀ (kì í ṣe lé táyà, torí ikùn táyà máa ń yọ síta), kí ẹ wá gbé fóònù lé igi náà. Táyà òsì fi dígírì 3 tẹ̀ sínú, ọ̀tún fi 2 àbọ̀. A sọ ọkọ̀ ojú omi kalẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n: 2 àti 1 àbọ̀. Ẹrù ń dá kún un, ṣùgbọ́n áásù fúnra rẹ̀ ti tẹ̀.

Kí ló tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi wá rántí pé ìjókòó sípíríǹgì mì nígbà kan, wẹ́dà kan sì jó o mọ́ orí áásù lọ́tùn-ún àti lósì. Irin tí iná wẹ́dà bá yọ́ máa ń sún kì bó ṣe ń tutù. Òkè áásù ló jó. Òkè yẹn ló sún kì, tó fa etí áásù méjèèjì sókè. Bí etí áásù bá gbé sókè, orí táyà á tẹ̀ sínú. Iṣẹ́ náà lẹ̀ dáadáa o, ẹ ò ní rí àbùkù rẹ̀ lójú. Ọ̀pọ̀ áásù tírélà ló tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àárín rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kí ẹrù lè tẹ̀ ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá dorí irú rẹ̀ kodò ti fún tírélà ní K-leg láti ọjọ́ kìíní.

Ẹrù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀n fífẹ̀ táyà, ẹ ó rí nọ́ḿbà kan lára rẹ̀. Tiwa jẹ́ 82, ìyẹn ni pé táyà kan lè gbé kílò 475, méjì á gbé 950. A gbé tírélà, ọkọ̀ ojú omi, ẹ́ńjìnnì àti epo lọ sórí ìwọ̀n: kílò 1,100! Táyà 91 la rà padà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 615.

Àwọn kan ní ká fi iná àti jáàkì tọ́ áásù náà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Iná ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. A ra áásù tuntun tó lè gbé kílò 1,500, a fi bóòtì oníga méjì dè é mọ́ sípíríǹgì, wẹ́dà kankan ò fọwọ́ kàn án. Kí a tó fún nọ́ọ̀tì pa, a fi téèpù wọ̀n láti ibi họ́ọ̀kì dé etí áásù lọ́tùn-ún, àti lósì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba; ìyàtọ̀ mìlímítà 3 pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó aláìnmẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín lórí irú tírélà yìí, torí kò ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n máa yí bíi ti mọ́tò.

Ohun kan wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa ń gbójú fò. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí omi, tí ilé béárìn ṣì gbóná, tí ẹ sì tì í sínú omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tutù lójijì, á fa omi wọlé, gírísì á bàjẹ́. Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ jẹ ẹja yíyan, kó tutù ná.

Ẹ wo ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ni: 1412 lára sípíà ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2012. Nígbà kan, a máa ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí. Michelin dáwọ́ dúró ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà ní 2008. Tókunbọ̀ tó wọlé lónìí lè ti darúgbó kó tó délẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ti kọjá báyìí. Ní Sátidé tó lọ, mo ti igi ìṣáná bọ àwọn ìlà ojú táyà, mo fi èékánná sàmì sí ibi tó jìn dé: inú, àárín, ìta. Ọgbọọgba ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.