Bí Títì Ṣe Lè Mú Awakọ̀ Rọra

Ká ní ọmọ almajiri (ọmọ iléekéwú) kan já sí títì lójijì ní Sókótó, abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan yóò lọ tó mítà 13 kó tó dúró, bí títì bá gbẹ tí bíréèkì sì dáa. Èyí tó ń sá 50 ńkọ́? Níbi tí ti àkọ́kọ́ dúró sí yẹn, ẹsẹ̀ awakọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan bíréèkì ni. Kí ojú tó rí nǹkan kí ẹsẹ̀ tó gbọ́, mítà 14 ti lọ. Bẹ́ẹ̀, 50 yìí ni òfin Nàìjíríà gba ọkọ̀ kékeré láyè láti sá láàárín ìlú.

Pátákó nìkan kò lè yanjú èyí (awakọ̀ mélòó ló ń kà á?), ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò sì lè wà ní gbogbo kọ́nà. Títì fúnra rẹ̀ ló yẹ kó dá awakọ̀ lọ́wọ́ kọ́. Ẹ wo inú ìlú àtijọ́ Sókótó tí Muhammad Bello tẹ̀ dó ní 1809: ọ̀nà tóóró, ògiri níhìn-ín, ògiri lọ́hùn-ún. Ta ni yóò sáré níbẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ́ sí Ahmadu Bello Way, títì tẹ́ lọ gbọrọrọ, ẹsẹ̀ á kàn máa tẹná fúnra rẹ̀.

Nínú ohun tó ń mú awakọ̀ rọra, èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù ni gegele ojú títì. Èyí tó bá ìlànà mu gùn tó mítà 3.7, gíga rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹni tó rọra á gùn ún bí ẹni gun ẹṣin. Ẹni tó sáré, gegele á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Èyí tí àdúgbò ń fi sìmẹ́ńtì mọ fúnra wọn, kúkurú ṣóńṣó, kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń ba abẹ́ ọkọ̀ jẹ́, ó sì ń gbé ọlọ́kadà ṣubú lóru.

Gegele nìkan kọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe títì lè mú kó tóóró níbi tí èèyàn ti ń sọdá, kí ìrìn ibẹ̀ lè kúrú, tàbí kí wọ́n gbé ojú ìsọdá ga dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ wà: ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́mọlanke àti oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá ló kún ọ̀nà ọjà, síbẹ̀ eré ọlọ́kọ̀ ni wọ́n fi ń wọn títì.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́: ní Suhum, lójú ọ̀nà Accra sí Kumasi ní Gánà, ìlà gbágungbàgun tí wọ́n fi sójú títì, tí kò ná wọn lówó púpọ̀, dín jàǹbá kù ní ìdá 35 nínú 100 láàárín ọdún 2000 sí 2001. Ikú dín kù ní nǹkan bí ìdá 55.

Bí àdúgbò yín bá fẹ́ ṣe gegele, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó po sìmẹ́ńtì, ẹ fi àyè omi òjò sílẹ̀ létí rẹ̀, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà funfun.