Ọmọ Tó Fẹ́ Di Nọ́ọ̀sì: Ibo Ló Ti Há?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ nílé tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, tó ti parí sẹ́kọ́ńdírì láti ọdún méjì, mẹ́ta, tí kò tíì rọ́nà wọlé. Ọdọọdún là ń ra fọ́ọ̀mù. Kí a tó ra òmíràn, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti há.

Èkíní, ẹ yẹ èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ wò. Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Bí Físíìsì bá kù, fọ́ọ̀mù mẹ́wàá kò lè dí i. Owó fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ fi san lẹ́sìnnì, kó tún un ṣe ní GCE. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń gba èsì ìdánwò méjì pa pọ̀. Ẹ sáà béèrè.

Èkejì, bí èsì bá pé, tí máàkì JAMB kò gbé e dé yunifásítì, ẹ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ti ìpínlẹ̀, irú èyí tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá ní kó wá kọ́ iṣẹ́ "auxiliary" ní kílíníìkì fún oṣù mẹ́fà, pé yóò di nọ́ọ̀sì, ẹ sá fún un. Nursing and Midwifery Council kì í fún irú wọn ní ìwé àṣẹ. Ẹ wádìí bóyá àjọ náà fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ má pe ọmọ ní olódo o. Ọjà tí kò tà láàárọ̀ ń tà lálẹ́.