Bí A Ti Ń Fi Ẹ̀sọ̀ Kọ́ Ara ní Eré Ìje

Ní Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n, títí dé Ìdóàní, àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ru ẹrù láti oko bọ̀ wá sí ilé láti ìgbà pípẹ́ wá. Ṣùgbọ́n agbọ̀n kékeré ni a kọ́kọ́ gbé lé ọmọdé lórí. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti ń le sí i, ni ẹrù ń pọ̀ sí i. Òfin kan náà ni ti eré ìje.

Láti ọdún 2016 ni a ti ń sá eré kìlómítà 42 ní Èkó. Láti ọdún 2013 sì ni ti kìlómítà 10 ti wà ní Okpekpe, ìlú olókè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó tí ó bá Ọ̀sẹ́ pààlà. Ewu ń bẹ fún ọ̀dọ́ tí ó bá dìde lójijì láti sá irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí a bá ń sáré déédéé, ọkàn a máa lágbára, a sì máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èémí kò ní tètè tán mọ́. Ṣùgbọ́n egungun, àti iṣan tí ó so ẹran-ara mọ́ ọn, kì í yára le bẹ́ẹ̀. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, nígbà tí èémí bá ń wí pé, "Ó yá," ojúgun lè ti máa sán.

Èkíní, ẹ fi ìrìn kíákíá bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 30, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 2, ẹ sì máa fi díẹ̀ kún eré náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èkejì, ẹ sáré níwọ̀n tí ẹ fi lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, eré ti pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta, ẹ sinmi. Nígbà ìsinmi àti oorun ni ara ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bẹ̀rù oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ sáré, kí ẹ sì mu omi. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 kí ara tó mọ́ ooru lára.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn sickle cell, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyà bá ń dun sárésáré, tàbí tí òyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú nínú ooru, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí olùkọ́ má ṣe pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti lè di ọ̀rọ̀ ikú.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ lọ yóò dé ibi tí ó ń lọ, ara rẹ̀ yóò sì le.